Bí A Ṣe Ń Gbàdúrà Títí Ìfẹ́ Inú Wa Yóò Fi Tẹrí Ba fún Ìfẹ́ Ọlọ́run

Ọ̀pọ̀ Kristẹni ló mọ bí a ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ohun tó ń borí wọn ni kí wọ́n gbé ohun tí ọkàn wọn ti fà sí wá síwájú Rẹ̀, kí wọ́n sì dìde lórí eékún wọn pẹ̀lú ọkàn tó lè gba "rárá." A máa ń gbààwẹ̀, a máa ń ṣe ìṣọ́ òru, a máa ń gun orí òkè, síbẹ̀ ohun tí a gbé lọ náà ni a máa ń gbé bọ̀, nítorí pé ìpinnu ti wà nílẹ̀ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé Jeremáyà orí 42 fi èyí hàn kedere. Lẹ́yìn tí àwọn ará Bábílónì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sígbèkùn, Jóhánánì ọmọ Káréà, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun, àti àwọn tó ṣẹ́kù ní Júdà bẹ wòlíì Jeremáyà pé kí ó bá àwọn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Olúwa, wọ́n sì ṣèlérí pé ì báà dára, ì báà burú, ohun tí Olúwa bá wí ni àwọn yóò ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ìdáhùn dé pé kí wọ́n dúró ní ilẹ̀ náà, kí wọ́n má lọ sí Íjíbítì. Wọ́n ní irọ́ ni Jeremáyà ń pa. Ẹni tó bá ka ìparí orí 41 yóò rí ìdí rẹ̀: kí wọ́n tó bẹ wòlíì rárá, wọ́n ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà, wọ́n ti dúró sí ẹ̀bá Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ojú ọ̀nà Íjíbítì gan-an. Ẹsẹ̀ wọn ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí ẹnu wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ọ̀nà.

Àwọn ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tí kò fẹ́ gbàdúrà bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa wà lójú òfuurufú, a ó máa lo àpẹẹrẹ kan: nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn, tó ní ọmọ méjì àti ìyá tó ti dàgbà, tó ń gbàdúrà bóyá kí òun lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ nílò ọ̀ràn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kó ìgbéyàwó, iṣẹ́ àti ilé kíkọ́ pọ̀ sínú àdúrà kan náà kì í mọ èyí tí Ọlọ́run dá lóhùn nínú wọn.

Ẹ nílò Bíbélì, bírò, àti ìwé kékeré kan tí ẹlòmíràn kì í ṣí. Ẹ nílò àkókò kan lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín. Ààbọ̀ wákàtí tí ẹ fọkàn sí sàn ju òru mọ́jú tí ẹ fi ń tòògbé. Bí ọ̀ràn náà bá ní ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde, ẹ kọ ọjọ́ náà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bí kò bá ní, ẹ fúnra yín dá ọjọ́ kan, kí àdúrà má bàa di ọ̀nà tí ẹ fi ń sá fún ìpinnu.

Ẹ sì nílò ènìyàn méjì tí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọ́n mọ̀ yín dáadáa, tí kò sì sí èrè kankan fún wọn nínú ohun tí ẹ bá yàn. Àgbà ìjọ lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ń retí owó tí ẹ máa fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kò lè jẹ́ ọ̀kan.

Ìpele 1: Ẹ dá ẹsẹ̀ dúró

Kí ẹ tó kúnlẹ̀, ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín ti ń ṣe lórí ọ̀ràn náà. Nọ́ọ̀sì wa lè ti san àsansílẹ̀ fún aṣojú tó ń ṣètò ìrìnàjò, ó lè ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń lọ, ó sì lè ti wá ẹni tí yóò gba ilé tó ń gbé. Owó tí a ti san máa ń sọ̀rọ̀ nínú ẹni: nígbàkúgbà tí ọkàn bá fẹ́ rò ó pé bóyá Ọlọ́run ní kí n dúró, owó yẹn á ti dáhùn kí Ọlọ́run tó dáhùn.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe tí yóò mú kó ṣòro láti padà sẹ́yìn. Èyí tó ṣeé dá dúró, ẹ dá a dúró títí di ọjọ́ tí ẹ dá. Èyí tí kò ṣeé dá dúró, ẹ dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, kí ẹ sì sọ fún Un pé bí Ó bá ní kí ẹ pàdánù rẹ̀, ẹ gbà.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé dídúró túmọ̀ sí pé kí wọ́n má ṣe ohunkóhun rárá. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ wádìí iye owó ilé ní ìlú tí ẹ fẹ́ lọ, tàbí bóyá òfin gbà kí àwọn ọmọ bá yín lọ. Ìmọ̀ kì í dí Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì ṣe mú ìpele yìí lò fún àìsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ó máa gbàdúrà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò níbi tí ewu wà.

Àyẹ̀wò: ẹ bi ara yín pé, bí "rárá" bá dé ní ọ̀la, kí ni ìgbọràn yóò ná mi? Bí ó bá jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn nìkan, ìpele yìí ti yanjú. Bí ó bá jẹ́ gbèsè, tàbí ojútì nítorí pé ẹ ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ẹbí, ó ṣì ku ohun tí ẹ máa tú sílẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí bò ó

Àwọn tó ti pẹ́ nínú ìjọ ló máa ń kọsẹ̀ jù níbí. Wọ́n á kúnlẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí yóò sì jáde lẹ́nu wọn ni, "Olúwa, ìfẹ́ Rẹ ni kí ó ṣẹ." Ó dún bí ìtẹríba, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ó jẹ́ ọ̀nà láti fi ìfẹ́ tiwọn pamọ́, nítorí pé ohun tí a kò gbé kalẹ̀ kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wa. Jésù kò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà Gẹ́tísémánì, ní òru tí wọ́n wá mú Un. Ohun tí Ó fẹ́ ni Ó kọ́kọ́ sọ: bí ó bá ṣeé ṣe, kí ago yìí kọjá lórí mi (Mátíù 26:39). Hánà, obìnrin tí kò rí ọmọ bí, náà kò sọ pé "fún mi ní ohun tó dára lójú Rẹ". Ọmọkùnrin ló dárúkọ (1 Sámúẹ́lì 1:11).

Ẹ kọ ìfẹ́ ọkàn yín ní gbólóhùn kan. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ "Nítorí kí ni?" kí ẹ sì dáhùn. Ẹ tún bi ìdáhùn náà léèrè bákan náà, títí kò fi ní sí ohun tó kù láti sọ. Bí ojú ewé nọ́ọ̀sì wa ṣe lè rí rèé:

Mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba kí ọdún yìí tó parí.
Nítorí kí ni? Owó oṣù mi kò dé ìparí oṣù.
Nítorí kí ni ó fi ń ká mi lára tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti lé àwọn ọmọ wá sílé nítorí owó ilé-ìwé.
Kí ló tún wà níbẹ̀? Àbúrò mi ti lọ. Bí a bá ti pàdé nílé, òun ni gbogbo ènìyàn ń wojú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ìlà ìkẹyìn yẹn ni àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Jákọ́bù 4:3 sọ pé àwọn kan ń béèrè, wọn kò sì rí gbà, nítorí pé wọ́n ṣì béèrè. Ọ̀rọ̀ náà kan ìdí tí a fi ń béèrè ju ohun tí a ń béèrè lọ. Ẹ kíyè sí i pé ìdí kẹta kò sọ ìdí kejì di irọ́. Owó ilé-ìwé jẹ́ àìní gidi, Ọlọ́run sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tó wà nínú ìlà ìkẹyìn nílò ìwòsàn tirẹ̀, nítorí pé bí ó bá kó o lọ sí òkè òkun, yóò tún rí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí yóò fi ara rẹ̀ wé.

Ẹ má ṣe bá ara yín wí lórí ohun tí ẹ kọ. Ẹni tó ń fẹ́ nǹkan kò tíì dẹ́ṣẹ̀, Sáàmù kún fún àwọn tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún Ọlọ́run láìfi igbá bo nǹkan kan.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ojú ewé náà sókè níwájú Ọlọ́run. Bí ìlà kan bá wà tí ohùn yín lọ sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ fò dá, ẹ dúró ti ìlà yẹn. Nígbà tí ẹ bá lè kà á tán láìfò, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìpele 3: Ẹ yọ ohun tí Ọlọ́run ti sọ kúrò nínú ohun tí ẹ ń béèrè

Ìpele yìí kì í pẹ́. Ẹ wo ọ̀ràn náà, kí ẹ sì wá apá tí Ìwé Mímọ́ ti yanjú. Kò yẹ kí nọ́ọ̀sì wa máa béèrè bóyá kí òun lo ìwé-ẹ̀rí ayédèrú; ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Kò yẹ kó béèrè bóyá ó tọ́ kí òun fi ìyá òun sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú, nítorí pé 1 Tímótì 5:8 ti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí kò pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun tó kù láti béèrè ni bóyá kí ó lọ, ìgbà wo ni yóò lọ, àti ta ni yóò tọ́jú màmá bí ó bá lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ṣe Báláámù (Númérì 22). Ọlọ́run ti sọ fún un pé kó má lọ. Nígbà tí Bálákì, ọba Móábù tó fẹ́ kí ó wá fi Ísírẹ́lì bú, rán àwọn ìjòyè tó lọ́lá jù lọ, pẹ̀lú ìlérí ọlá ńlá, ó ní kí wọ́n sùn mọ́jú kí òun tún lọ gbọ́ ohun tí Olúwa yóò wí. Ohun tó yí padà kò ju ìlérí lọ.

Àyẹ̀wò: kò gbọ́dọ̀ sí ìbéèrè kankan nínú ìwé yín mọ́ tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ dúró ní Gẹ́tísémánì

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ẹ má sì ṣe yára níbẹ̀. Ẹ ṣí Mátíù 26:36-46, kí ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, Jésù ní bí ó bá ṣeé ṣe, kí ago náà kọjá. Nígbà kejì, ní ẹsẹ 42, ọ̀rọ̀ náà ti yí: bí ago yìí kò bá lè kọjá àfi kí n mu ún, ìfẹ́ Tìrẹ ni kí a ṣe. Ó tún padà lọ nígbà kẹta. Bí Olúwa fúnra Rẹ̀ bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò yẹ kí ojú tì wá pé àdúrà ẹ̀ẹ̀kan kò tíì tẹ ọkàn wa ba.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíbéèrè. Ẹ béèrè ohun tí ẹ kọ, tọkàntọkàn, bí ọmọ ṣe ń bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ mú ojú ewé tuntun, kí ẹ sì kọ bí ayé yín yóò ṣe rí ní ọdún kan sí i bí Ọlọ́run bá ní "rárá." Ẹ kọ ọ́ dáadáa: wọ́ọ̀dù kan náà, owó oṣù kan náà, ìbéèrè àwọn ará ilé nígbà Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà ẹ gbàdúrà láti inú ibẹ̀, kí ẹ bèèrè oore-ọ̀fẹ́ tí ẹ ó fi gbé nínú ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì fi ojú kan "rárá" rí nínú àdúrà wọn. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà wọ́n. Ẹ ṣe bákan náà fún "bẹ́ẹ̀ ni," kí ẹ sì kọ ohun tí yóò ná yín: òtútù, iṣẹ́ alẹ́, ọ̀fọ̀ tí ẹ ó gbọ́ lórí fóònù.

Nígbà náà ni kí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ ìtẹríba, ẹ sì jẹ́ kí ó ní ara àti egungun. "Ìfẹ́ Rẹ ni kí ó ṣẹ" fẹ̀ jù fún ẹni tí kò tíì mọ ohun tó ń fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀ràn mu dà báyìí: "Baba, bí O bá ní kí n dúró ní Ìbàdàn, n ó dúró, n kò sì ní máa ráhùn nípa rẹ̀ létí àwọn ọmọ mi. Bí O bá ní kí n lọ, n ó lọ, n ó sì gbà pé Ìwọ ni O ń tọ́jú màmá mi, kì í ṣe èmi."

George Müller, ẹni tó dá ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí sílẹ̀ ní Bristol ní 1836, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí òun máa ń wá ni kí ọkàn òun má ṣe ní ìfẹ́ tirẹ̀ mọ́ lórí ọ̀ràn tó wà nílẹ̀, ó sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìṣòro ènìyàn wà. Ó tọ́ kí a fi kún un pé èyí kò túmọ̀ sí pé kí ọkàn kú. Lúùkù 22:44 sọ pé òógùn Jésù dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀. Ẹni tí ohun tó ń fi sílẹ̀ kò dùn ún kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà ń ṣì í níbí pọ̀. Àwọn kan máa ń dúnàádúrà: bí O bá ṣe é fún mi, n ó fi owó kan kún ti ilé ìjọ. Ẹ̀jẹ́ Hánà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó béèrè gan-an ló dá padà fún Olúwa, kò fi nǹkan mìíràn rà á. Àwọn mìíràn máa ń yí àdúrà padà sí ogun, wọ́n á máa pe iná lé ẹni tó ń dí wọn lọ́wọ́, bí ẹni pé ọ̀tá nìkan ló lè ti ilẹ̀kùn. Mo gbà pé ọ̀tá wà, Ìwé Mímọ́ sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi àyè sílẹ̀ rárá pé Ọlọ́run lè ti ilẹ̀kùn yóò máa bá Bàbá rẹ̀ jà, yóò sì máa pe ìjà náà ní ìgbàgbọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ wò ó bóyá ẹ lè dúpẹ́ fún ohun kan ṣoṣo nínú ojú ewé "rárá" yẹn, kí ọpẹ́ náà sì jẹ́ òtítọ́. Ẹ tún wò ó bí ara yín ṣe rí nígbà tí ẹ gbọ́ pé ẹlẹgbẹ́ yín rí físà gbà. Omijé lè ṣì wà, kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú ló dìde, ẹ padà sínú ọgbà náà ní ọjọ́ kejì.

Ìpele 5: Ẹ wá tẹ́tí

Ìgbà tí ìpele 4 bá ti yanjú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn, nítorí pé ọkàn tó ti yan tẹ́lẹ̀ yóò rí àmì níbi gbogbo. Ẹ máa ka Bíbélì yín bí ẹ ṣe ń kà á lójoojúmọ́; ẹ má ṣí i láìwo ibi tó ṣí sí, kí ẹ wá máa fi ẹsẹ tí ìka bá bọ́ lé ṣe ìdáhùn. Ẹ mú ojú ewé ìpele 2 lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn méjì yẹn, kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìlà ìkẹyìn pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn tí wọ́n bá fún ẹni tó fi ìdí gidi pamọ́ kì í bá a mu.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni lílọ láti ọ̀dọ̀ wòlíì kan sí òmíràn títí a ó fi rí ẹni tí yóò sọ ohun tí a fẹ́ gbọ́. Ọba Áhábù ní nǹkan bí 400 wòlíì tó ní kó lọ sójú ogun, Mikáyà nìkan ló sọ ohun mìíràn (1 Àwọn Ọba 22), ojú ogun náà sì ni Áhábù kú sí. Iye àwọn tó fọwọ́ sí i kò sọ ọ́ di ìfẹ́ Ọlọ́run. Bí ẹnìkan bá sọ pé Olúwa rán òun sí yín, ẹ má ṣe kẹ́gàn rẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé e mì. 1 Tẹsalóníkà 5:20-21 ní kí a dán ohun gbogbo wò.

Ilẹ̀kùn tó ṣí náà nílò àyẹ̀wò. Nígbà tí Jónà ń sá lọ sí Táṣíṣì, ó rí ọkọ̀ ojú omi ní Jópà, ó tilẹ̀ rí owó ọkọ̀ san (Jónà 1:3). Gbogbo nǹkan lọ létòlétò, ó sì ń sá fún Ọlọ́run.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ láti inú Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, láti ẹnu àwọn olùmọ̀ràn, àti láti inú bí nǹkan ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá ń tọ́ka sí ibì kan náà, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀kan nìkan lẹ ń gbé ga tí ẹ sì ń fojú fo àwọn tó kù, ẹ wo ìpele 4 lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìpele 6: Ẹ pinnu ní ọjọ́ tí ẹ dá

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohùn, kò sí àlá. Kò túmọ̀ sí pé Ọlọ́run dákẹ́ yín sílẹ̀. Jákọ́bù 1:5 ṣèlérí ọgbọ́n fún ẹni tó bá béèrè, ọgbọ́n sì jẹ́ ohun tí a fi ń yàn. Ẹ yan, ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run, ẹ sọ fún àwọn méjì náà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, pẹ̀lú ọkàn tó lè yí padà bí Ó bá dí yín lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ṣe nínú Ìṣe 16: Ẹ̀mí dí i lọ́nà Éṣíà, Ó tún dí i lọ́nà Bítíníà, kí ó tó rí ìran ọkùnrin Makedóníà ní Tíróásì.

Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ṣìnà nítorí pé nǹkan le lẹ́yìn ìpinnu. Ìran tó dájú yẹn ló gbé Pọ́ọ̀lù dé Fílípì, ibẹ̀ ni wọ́n ti nà án tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n.

Àyẹ̀wò: ẹ lè ṣàlàyé ìpinnu yín fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò kàn jù, láìsọ pé "Ọlọ́run ló ní" láti fi pa á lẹ́nu mọ́.

Ìpele 7: Bí ìdáhùn bá jẹ́ "rárá"

Ẹ sunkún bí ẹkún bá wà. Nígbà tí ọmọ Dáfídì ń ṣàìsàn, ó gbààwẹ̀, ó sùn sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà kú ní ọjọ́ keje, ó dìde, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó lọ jọ́sìn, ó sì jẹun (2 Sámúẹ́lì 12:16-20). Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nípa ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ni Ó fún un dípò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti ohun tó lè máa ṣí ọgbẹ́ náà. Ẹ kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí aṣojú ìrìnàjò fi ń polówó lójoojúmọ́. Kí ẹ sì padà sí ojú ewé ìpele 2, nítorí pé àìní tó wà níbẹ̀ kò lọ pẹ̀lú ìrìnàjò. Owó ilé-ìwé ṣì wà láti san. Ẹ sọ ọ́ di àdúrà tirẹ̀, kí ẹ wá iṣẹ́ tí ọwọ́ yín lè ṣe sí i. Nígbà tí Ọlọ́run kọ̀ fún Dáfídì láti kọ́ tẹ́ḿpìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin, idẹ àti igi kédárì jọ fún Sólómọ́nì (1 Kíróníkà 22:2-5).

Àyẹ̀wò: bí ọ̀ràn náà bá tún yọjú ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ ṣí ìwé yín, kí ẹ wo ohun tó yí padà láti ìgbà náà. Bí ipò ilé bá ti yí, bí màmá bá ti rí olùtọ́jú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 1. Bí ó bá jẹ́ pé iye owó oṣù tí wọ́n ń dárúkọ nìkan ló ga sí i, ẹ ka Númérì 22 kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.